Ọgbà orí sìmẹ́ńtì àti dúrọ́ọ̀mù omi òjò: ibi tíṣẹ́ dé

Owó oúnjẹ ló bí iṣẹ́ yìí, kì í ṣe pé mo kúkú fẹ́ràn kí n máa fọwọ́ ko ilẹ̀. Gbogbo ìgbà tá a bá tọjà dé ni báàgì ń fúyẹ́ sí i tówó tó jáde sì ń pọ̀ sí i, ata àti tòmátì wá ni tiwọn burú jù torí wọn kì í ṣe nǹkan téèyàn lè rà jọ fóṣù mẹ́ta, wọ́n á ti jẹrà kó o tó yíjú. Mo bá sọ fún dádì àwọn ọmọ pé ẹ̀yìnkùlé wa yìí, kí la tiẹ̀ ń fi ṣe gan-an? Ó ní sìmẹ́ńtì ni gbogbo ẹ̀, ṣé orí sìmẹ́ńtì ni mo fẹ́ gbin nǹkan sí ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí, ó ní ó dáa, kí lẹ́ ẹ fẹ́ kí n gbé.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀. Ọgbà tá a fẹ́ fi dín ìnáwó kù ò gbọdọ̀ di ìnáwó míì sí wa lọ́rùn. Torí ẹ lè ra àpótí tí wọ́n ti kàn sílẹ̀, kẹ́ ẹ ra ilẹ̀ inú àpò, kẹ́ ẹ ra ajílẹ̀ olómi, kẹ́ ẹ ra ike aláràbarà, kó wá jẹ́ pé nígbà tẹ́ ẹ bá máa ká tòmátì àkọ́kọ́, òun ló wọ́n jù láyé. Ohun tó jẹ́ pé tó bá bàjẹ́ ó lè ṣe èèyàn léṣe tàbí kó da gbogbo iṣẹ́ nù, ìyẹn nìkan la máa náwó lé. Ìyókù, àlòkù ni o jàre.

Òòrùn la kọ́kọ́ wò

Kí ẹnikẹ́ni tó kan ìṣó kankan, mo ní ká mọ ibi tí òòrùn ń gbà ná. Tòmátì àti ata fẹ́ òòrùn gidi tó tó wákàtí 6 lójúmọ́, tó bá di 8 ó tún dáa sí i, àmọ́ ẹ̀fọ́ eléwé lè fara da wákàtí 3 sí 4, ṣebí ewé là ń jẹ lára ẹ̀, kì í ṣe èso. Àbíkẹ́yìn wa ló gba iṣẹ́ yẹn. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń fà á yí ẹ̀gbẹ́ òjìji ògiri ká lórí sìmẹ́ńtì láàárọ̀, ó tún fà á lọ́sàn-án, ó tún fà á nírọ̀lẹ́, ó wá kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, nígbà tílẹ̀ fi máa ṣú gbogbo ẹ̀yìnkùlé ti di máàpù. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ló wù mí torí pé ó sún mọ́ ìkòkò, ṣùgbọ́n láti ọ̀sán lọ òjìji ni níbẹ̀. Ìdí okùn tá a ń sá aṣọ sí ló gba òòrùn jù. Okùn aṣọ bá ṣí lọ sí apá kejì, ó parí.

Àpótí

Pákó páléètì (igi tí wọ́n máa ń to ẹrù lé lórí) la fi kan àpótí tá a fẹ́ gbin nǹkan sí. Ẹni tó bá fẹ́ lo páléètì, kó wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáadáa, wọ́n máa ń tẹ àmì sí i lára. Tó bá jẹ́ HT ló wà níbẹ̀, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú igi yẹn, wọ́n á mú un gbóná títí àárín igi fi máa wà ní 56°C fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán. Tó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní methyl bromide ni wọ́n fín sí i, ẹ má gbé e sún mọ́ nǹkan tẹ́nu máa jẹ, ẹ má sì fi dáná. Èyí tí ò ní àmì rárá, tàbí tí epo tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ti dà sí lára, èmi ò ní gbà á kódà kí wọ́n gbé e wá bá mi nílé lọ́fẹ̀ẹ́.

Títú páléètì le o. Ìṣó inú ẹ̀ kì í ṣe ìṣó tó dán, ó máa ń lọ́ lára bíi skúrúù, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ kàn máa fà á, pákó á là sí méjì. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa ni pé dádì wọn yí i dé, ó fi ìtì igi kan sáàárín kí òòlù má bàa ba pákó jẹ́, ó wá ń lù ú díẹ̀díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì títí á fi gbéra fúnra ẹ̀. Èyí tó bá yarí, ayùn irin ló fi ń gé ìṣó ẹ̀ láàárín. Àkọ́bí wa ń ṣa ìṣó sínú agolo, ó ń tọ́ èyí tó wọ́ lórí búlọ́ọ̀kù, gbaga gbaga gbaga láti àárọ̀, a ò lè gbọ́ ara wa sọ̀rọ̀ nínú ilé mọ́, àmọ́ a ò ra ìṣó.

Gígùn àpótí wa jẹ́ mítà 2, fífẹ̀ ẹ̀ mítà 1, gíga ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30. Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kó fẹ̀ ju mítà 1 lọ ni pé mo fẹ́ kọ́wọ́ ọmọdé dé àárín ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń gun inú ẹ̀, torí tẹ́sẹ̀ bá ti tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ ìdí gbòǹgbò mọ́. Tẹ́ ẹ bá máa gbé tiyín ti ògiri, tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan lẹ ti lè na ọwọ́, ẹ má jẹ́ kó ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Inú ẹ̀gbẹ́ àpótí la fi náílọ́ọ̀nù tó nípọn tẹ́ kí pákó lè pẹ́ kó tó jẹrà, àmọ́ a ò fi náílọ́ọ̀nù sí ìsàlẹ̀ o, néètì la fi síbẹ̀, a wá fi àfọ́kù táìsì gbé gbogbo ẹ̀ sókè díẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ilẹ̀ tómi bá dúró sí lábẹ́, gbòǹgbò máa jẹrà níbẹ̀ ni.

Mítà 2 lọ́nà mítà 1 lọ́nà sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn jẹ́ lítà 600. Tí ilẹ̀ tó kún un bá wá rin dáadáa, ó lè sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan. Orí sìmẹ́ńtì tó wà nílẹ̀, kò séwu. Àmọ́ ẹni tó bá ń ronú pé òun fẹ́ gbé irú ẹ̀ sórí bákónì tàbí sórí dẹ́kìn, ẹ jọ̀ọ́, ike kéékèèké ni kó lò, kó tò wọ́n sí ìdí ògiri.

Ohun tó wọnú ẹ̀

Lítà 600 ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ rà á, òfin mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́ta nísàlẹ̀ la fi ẹ̀ka igi tó ti ń jẹrà kún, pẹ̀lú páálí tá a ti bó téèpù kúrò lára ẹ̀, àti ewé gbígbẹ. Ẹ̀ka tó ti rà ni o, kì í ṣe tútù, torí igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ẹ́ rà máa ń fa nitrogen (oúnjẹ tó ń jẹ́ kí ewé tutù) inú ilẹ̀ mọ́ra, ewé àwọn nǹkan tẹ́ ẹ gbìn á wá máa di aláwọ̀ ìyeyè. Lórí ìyẹn la da ilẹ̀ tá a bù lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé sí, a pò ó mọ́ ilẹ̀dú tá a ṣe fúnra wa. Gbogbo ẹ̀ á máa rì bí ìsàlẹ̀ ṣe ń rà, ẹ má bẹ̀rù, ẹ sáà máa bu ilẹ̀dú kún un lókè.

Ilẹ̀dú yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ ká tó kan àpótí. Dúrọ́ọ̀mù ike tó ti fọ́ la lu ihò sí lára yíká. Èèpo ẹ̀fọ́, èèpo èso, koríko tútù, ewé tíì, gbogbo ẹ̀ ń wọlé síbẹ̀, àmọ́ fún gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì nǹkan tútù kan, a máa ń da bọ́kẹ́ẹ̀tì ewé gbígbẹ tàbí páálí tá a ya wẹ́wẹ́ méjì sí mẹ́ta lé e. Ẹran, ẹja, epo, wọn ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, eku ló máa pè wá bá yín. Tó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ti kéré nìyẹn, ẹ da nǹkan gbígbẹ sí i kẹ́ ẹ rò ó. Tí ò bá ṣe nǹkan kan rárá, ó ti gbẹ jù tàbí nǹkan tútù ò tó. Ẹ bù ú sọ́wọ́ kẹ́ ẹ fún un, tí omi bá kán ní ẹyọ kan tàbí méjì, ó ti tó.

Tí òkìtì bá tóbi dáadáa, ó lè dé 55 sí 65°C nínú, ooru yẹn ló ń pa èso koríko. Tiwa tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ò gbóná tó bẹ́ẹ̀, torí náà mo mọ̀ pé koríko máa hù, ó sì hù, àwọn ọmọ ń tu ú.

Omi niṣẹ́ gan-an

Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí lọgbà, mo máa ní omi ni. Àpótí orí sìmẹ́ńtì tètè máa ń gbẹ, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ tó máa fún un lómi, sìmẹ́ńtì fúnra ẹ̀ tún ń gbóná. Tẹ́ ẹ bá wá ń fi omi tẹ́ ẹ fowó rà bomi rin ín, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìnáwó kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Òjò tó bá rọ̀ tó mìlímítà 1 sórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 1 níbùú lóròó, lítà omi 1 ló bọ́ síbẹ̀. Apá òrùlé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa jẹ́ mítà 6 lọ́nà mítà 4, ìyẹn 24. Òjò mìlímítà 10, tí kì í ṣe òjò ńlá rárá, lítà 240 nìyẹn, ká tiẹ̀ yọ èyí tó ta dànù kúrò, dúrọ́ọ̀mù lítà 200 wa á kún. Dádì wọn ò gbà, ó jókòó, ó tún un ṣe lórí fóònù, ó dákẹ́, ó lọ ń wá ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tá a máa kàn.

Dúrọ́ọ̀mù yẹn, nǹkan jíjẹ ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmì ife àti fọ́ọ̀kì wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ má gba dúrọ́ọ̀mù tí kẹ́míkà ti wà nínú ẹ̀ láéláé, fífọ̀ ò lè mú un kúrò. A kun ara ẹ̀ láwọ̀ dúdú torí pé ike tí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọ̀, omi inú ẹ̀ á di ewéédò.

Ibi tá a ti wá náwó rèé: ìdí tí dúrọ́ọ̀mù jókòó lé. Lítà omi 1 jẹ́ kílò 1, nítorí ẹ̀ dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tó bá kún ju 200 kílò lọ, ìwúwo èèyàn mẹ́ta nìyẹn, tó ń jókòó síbi táwọn ọmọ ti ń sáré. Èmi ò lè fi àkùfọ́ búlọ́ọ̀kù tàbí igi gbé irú ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tuntun la rà, a fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n pọ̀, a fi pátákó nípọn sójú ẹ̀, a dúró kó gbẹ dáadáa kí omi tó wọlé. Kí ojú ẹ̀ lè tẹ́jú, a ò ní lẹ́fẹ̀lì, họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara la fi ṣe é: ẹ rọ omi sínú ẹ̀, ẹ di ẹnu kan mú níhìn-ín, ẹlòmíì di ẹnu kejì mú lọ́hùn-ún, ibi tí omi bá dúró sí lẹ́nu méjèèjì, ìpele kan náà ni. Àkọ́bí di ẹnu kan, èmi di èkejì, dádì wọn fi pẹ́ńsùlù fa ìlà. Ọmọ yẹn ṣì ń fi họ́ọ̀sì wọn gbogbo nǹkan nínú ilé títí dòní, ó ti sọ fún wa pé tábìlì ìjẹun wa dagun.

Ihò táàpù, ẹ lù ú díẹ̀ sókè ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, kí ìdọ̀tí tó bá rì lè dúró nílẹ̀. Táàpù tiwa jò. Gbogbo nǹkan ló wà ní àyè ẹ̀, wọ́n ti fi téèpù funfun wé ojú ẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ ó ń kán tó, tó, tó. Nígbà tá a tú u, wọ́ṣà rọ́bà tó bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù ti gan, ó ti le bí ike, kò lè tẹ̀ mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù tó rí roboto. Dádì wọn gé túùbù táyà àtijọ́, ó fi owó ẹyọ ya àárín ẹ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e roboto, ọ̀kan sínú, ọ̀kan síta, ó wá dè é, kì í ṣe dídè líle jù o, torí tó bá le jù rọ́bà á fún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Téèpù yẹn, ẹ wé e síbi tí nọ́ọ̀tì máa ń yí sí, kí nọ́ọ̀tì má bàa tú u nígbà tẹ́ ẹ bá ń dè é. Ó dúró. Omi ò kán mọ́.

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀dá, ẹ má jẹ́ kó wọlé. Eruku, ìgbẹ́ ẹyẹ, ewé jíjẹrà, gbogbo ẹ̀ ló máa bá a wá. Páìpù tó wá láti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wa ní ìgbọ̀nwọ́ kan tó ṣeé yí, a máa ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí òjò á fi fọ òrùlé, a ó wá yí i padà. Èmi àtàwọn ọmọ máa ń jà lórí ẹni tó máa sáré lọ yí i, torí ẹni tó bá lọ ló máa rin gbingbin. Omi yìí, ọgbà la fi ń rin, a kì í mu ún.

Néètì! Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Gbogbo ẹnu dúrọ́ọ̀mù, àti ihò tí omi tó kún ń gbà jáde, néètì wíwẹ́ ni kẹ́ ẹ fi dí i kẹ́ ẹ fi okùn dè é. Tílẹ̀ bá gbóná, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn láàárín ọjọ́ 7 sí 10 péré. Ẹ ò lè fi ọgbà dín owó oúnjẹ kù kẹ́ ẹ wá máa fi owó náà ra oògùn ibà.

Họ́ọ̀sì tó ń kán

Ìṣòro omi tó ń ti ara ẹ̀ sàn láti inú dúrọ́ọ̀mù ni pé kò ní ipá. Bí omi bá ga ní mítà 1 ju ibi tó ń lọ, báà 0.1 péré ló ní (báà ni wọ́n fi ń wọn ipá omi). Ọ̀pọ̀ àwọn ẹnu tí wọ́n ń tà fún bíbomirin lẹ́kán-lẹ́kán, ipá tó ju ìyẹn lọ dáadáa ni wọ́n fẹ́. Torí náà a ò rà wọ́n. Họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó ti gbó la fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ní ihò kọ̀ọ̀kan síwájú ewéko kọ̀ọ̀kan, a dí ìparí ẹ̀, a fi aṣọ tín-ín-rín sẹ́ omi kó tó wọ inú ẹ̀. Omi ihò tó jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù kéré sí ti èyí tó sún mọ́ ọn, a wá jẹ́ kí ihò ìparí tóbi díẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà, àmọ́ ó ń rin ín.

Lórí ilẹ̀ la da koríko gbígbẹ bò. Tí mo bá ní kí n mú nǹkan kan tó dín wàhálà omi kù jù, koríko gbígbẹ yẹn ni, tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, òòrùn ò rí ojú ilẹ̀ mọ́. Ẹ sáà má jẹ́ kó kan ara igi tòmátì.

Ìgbìn

Irúgbìn tòmátì, ilé ìdáná ló ti wá. Tòmátì tó pọ́n dáadáa, ẹ fún inú ẹ̀ sínú ife pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bí ọjọ́ 2 sí 3 kí nǹkan tó ń yọ̀ tó bo hóró ẹ̀ rà kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Tó bá jẹ́ irú tí wọ́n fi oríṣi méjì da pọ̀ ṣe, èyí tó máa hù lè má jọ ìyá ẹ̀, èmi ò bìkítà, tòmátì ni tòmátì. Ata kì í yára hù, ó fẹ́ràn ilẹ̀ tó móoru bí 25 sí 30°C, ó lè pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ ti ń sọ pé ó ti kú, wọ́n ti fẹ́ẹ́ máa hú ilẹ̀ wò.

Nígbà tá a ń ṣí tòmátì lọ sínú àpótí, a gbìn ín jìn, a já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, torí igi tòmátì tó bá wà nínú ilẹ̀ á so gbòǹgbò níbẹ̀. Ata ò rí bẹ́ẹ̀, bó ṣe jìn tẹ́lẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ gbìn ín. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60 láàárín tòmátì kan sí èkejì, mo mọ̀ pé ojú kọ́kọ́ máa ń rí i bíi pé ó pọ̀ jù. Ẹ̀fọ́ la fi dí àlàfo náà, a máa ti gé e kí tòmátì tó gbilẹ̀.

Èèrà orí ata

Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo àwọn èèrà tó ń gun ata wa, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀." Mo rò pé èèrà lásán ni. Ó ní kí n yí ewé padà. Kòkòrò tín-tìn-tín aláwọ̀ ewé ni wọ́n tò sábẹ́ ẹ̀, wọ́n fi ẹnu gún ewé, wọ́n ń mu omi ara ẹ̀, wọ́n wá ń tọ nǹkan olómi tó dùn síta lẹ́yìn, òun làwọn èèrà ń wá. A bẹ̀rẹ̀, a ń wò ó: èèrà kan á fi ìwo ẹ̀ lu kòkòrò náà lẹ́yìn pẹ́pẹ́, á dúró, omi á yọ ní ẹyọ kékeré, á gbé e mì, á bọ́ sí ara èyí tó kàn. Èèrà gan-an ló ń ṣọ́ wọn, tí kòkòrò míì bá fẹ́ jẹ wọ́n èèrà á lé e. Ọmọ náà ò fẹ́ ká pa wọ́n mọ́, ó ní wọ́n ti ní ilé iṣẹ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ọṣẹ lásán la lò, kì í ṣe oníyẹ̀fun tó ń fọ aṣọ, ṣíbí tíì kan sínú lítà omi 1, a fi ìgò tó ń fín ín wọ́n ọn sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, torí tẹ́ ẹ bá wọ́n ọn lójú òòrùn ewé á jó. Ara kòkòrò ló gbọ́dọ̀ kàn kó tó ṣiṣẹ́, bó bá ti gbẹ kò ní agbára mọ́, ẹ máa tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Tòmátì tí ìdí ẹ̀ dúdú

Nígbà tí tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí í so, díẹ̀ nínú wọn di dúdú nísàlẹ̀, ó jìn wọlé, ó gbẹ. Ẹnì kan ní àìsàn ni, ká ra oògùn. Òmíràn ní calcium (èròjà kan tí èso nílò) ò sí nílẹ̀, ká lọ èèpo ẹyin sí i. Kì í ṣe àìsàn, kò sì ní ran èkejì ẹ̀. Lóòótọ́, calcium ni ò dé inú èso, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ó wà nínú ilẹ̀, omi ló ń gbé e, tílẹ̀ bá gbẹ lónìí tó kún lọ́la, kò ní dé ìsàlẹ̀ èso níbi tó jìnnà jù. Èèpo ẹyin ní tiẹ̀ máa pẹ́ gan-an kó tó yòrò, tòmátì yẹn ò ní dúró dè é. Ohun tá a ṣe ni pé a já àwọn tó ti bàjẹ́, a jẹ́ kí omi máa kán déédéé, a fi koríko gbígbẹ kún un. Àwọn tó so lẹ́yìn náà dáa. A ò ra nǹkan kan.

Owó ńkọ́?

Mi ò ní parọ́ fún yín. Àpótí mítà 2 ò lè bọ́ ìdílé, ẹni tó bá ní òun á fi irú ẹ̀ dẹ́kun lílọ sọ́jà, ó ń tan ara ẹ̀ ni. Oúnjẹ tó ń yó èèyàn, ọjà la ṣì ti ń rà á, owó ẹ̀ sì ń lọ sókè bó ṣe ń lọ. Ibi tá a ti rí èrè ni àwọn nǹkan kéékèèké tó ń jẹ owó díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ tó sì máa ń yára bàjẹ́. Ẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ san gbèsè ẹ̀, bó o bá ń gé ewé ẹ̀gbẹ́ tó o fi àárín sílẹ̀, ó tún ń yọ. Ata ló tẹ̀ lé e, tí òtútù ò bá pa á ó lè máa so ju ọdún kan lọ. Tòmátì ló fẹ́ ìtọ́jú jù, òun náà làwọn ọmọ fẹ́ràn jù, nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ṣì ń gbìn ín. Ohun tá ò kà tẹ́lẹ̀ ni ìdọ̀tí: ìdajì ohun tá à ń kó dànù nílé ìdáná ló ń wọ dúrọ́ọ̀mù ilẹ̀dú báyìí.

Ìnáwó tó jáde: búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì, táàpù, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, néètì. Tí mo bá tún máa ṣe é, ibẹ̀ náà ni mo máa náwó sí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wá ńkọ́, mo kọ́kọ́ rò pé màá máa lé wọn jáde lọ sọ́gbà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé iṣẹ́ tó jẹ́ ti oníkálukú la fún wọn, kì í ṣe "ẹ wá ràn mí lọ́wọ́". Àkọ́bí ló ni omi, òun ló mọ ìgbà tí táàpù máa ṣí àti ìgbà tó máa tì. Àbíkẹ́yìn ló ni kòkòrò. Dádì wọn ni gbogbo ohun tó bá nílò òòlù. Èmi ló kù tí mò ń ká a, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́.

Ibi tó kù: dúrọ́ọ̀mù kejì ti wà nílẹ̀, a ti fọ̀ ọ́, a ti kùn ún. A fẹ́ fi páìpù so ó mọ́ àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ kí méjèèjì lè máa kún pa pọ̀, ìyẹn ni pé ìpele ìdí wọn gbọ́dọ̀ bára mu, họ́ọ̀sì ọmọ yẹn tún máa ríṣẹ́ ṣe. Búlọ́ọ̀kù la ń dúró dè. Dádì wọn ní ká lo àlòkù tó wà lẹ́yìn géètì, mo ní rárá.